Ìpele Keje

Bí àwòdì bá ń rá bàbà lókè, tó ń wo òròmọdìẹ nínú àgbàlá, kì í rí ojú wọn. Ẹ̀yìn wọn ló ń rí, àti orí wọn, àti òjìji tó ń tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Kasuba àti Masauso ṣe ṣe géèmù wọn. Òkè ni ẹni tó ń ta á wà, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ó ń rí akoto awakùsà kan, èjìká rẹ̀ méjèèjì, ẹnu ìbọn tó gbé dání, àti iná orí akoto náà tó ń la òkùnkùn níwájú rẹ̀. Ohunkóhun tí iná náà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èèyàn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi tó bá ti bù ú jẹ.

Mukoti ni wọ́n pe géèmù náà, nítorí orúkọ tí gbogbo ará ìlú Kitwe ń pe ibi ìwakùsà nìyẹn. Ìpele méje ló ní. Awakùsà náà ń sọ̀kalẹ̀ láti ìkínní dé ìkeje, ó ń yìnbọn fún àwọn nǹkan tó ń jáde lára ògiri, ó sì ń wá àwọn tí ilẹ̀ wó lé mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan. Bó ṣe ń ja àjàṣẹ́gun ni agbára ń wọ̀ ọ́ lára, ẹni tó ń ta á ni yóò sì yan èyí tó wù ú: kí iná orí rẹ̀ jìnnà sí i, tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ yá sí i, tàbí kí ó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́. Ó tún ń bá àwọn tó bá rí sọ̀rọ̀. Èsì tó bá fún ẹnìkan ní ìpele kejì, ẹni náà kò ní gbàgbé rẹ̀ ní ìpele kẹrin. Tó bá purọ́ fún un, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtìjú nìyẹn.

Ohun tí ojú kò rí ni iṣẹ́ Kasuba. Ó ti jẹ́ ẹni tó ń tún mọ́tò ẹ̀rọ ṣe níbi ìwakùsà, àwọn mọ́tò ńlá tó ń fa àgò irin tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, ọdún mẹ́ta. Ó máa ń dùn mọ́ ọn láti ṣàlàyé pé ọta ìbọn kì í fò rárá nínú géèmù. Ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ pé: ọta yìí dà? Ṣé ó ti kan nǹkan? Tí kò bá tíì kan nǹkan, a sún un síwájú díẹ̀, a tún béèrè. Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Ojú èèyàn ló ń sọ ọ́ di ìbọn.

Masauso ní tirẹ̀ ló ń ya àwọn àwòrán, òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn inú géèmù lẹ́nu.

Bemba ni Kasuba. Ngoni ni Masauso. Àwọn baba ńlá wọn bá ara wọn jagun títí ó fi sú wọn, láti ìgbà náà ẹnu ni àwọn ọmọ wọn fi ń jà. Mbuya ni wọ́n ń pe ara wọn, mbuya kì í sì í bínú sí mbuya rẹ̀.

"Ìwọ Bemba, ọ̀bọ mélòó lo jẹ láàárọ̀ yìí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ fi wú báyìí?"

"Méjì péré. Ìkẹta fọ èdè Ngoni sí mi, mo bá tú u sílẹ̀. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ̀gbọ́n mbuya mi."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, Masauso á rìn láti ilé tirẹ̀ ní Chamboli wá sí ilé Kasuba ní Ndeke pẹ̀lú fíláàṣì nínú àpò, nítorí dátà ti wọ́n jù láti fi àwòrán ránṣẹ́. Ní ọdún kẹrin, ó ṣèèṣì kó àwòrán àtijọ́ wá, ti àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì lọ. Ọjọ́ náà ni Kasuba ṣòfin. "Ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan ṣoṣo," ló wí. "Má ṣe kó ẹ̀dà méjì sílé mọ́. Ìgbà tóo bá parí ìpele kan pátápátá ni kóo gbé e wá fún mi." Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Kò sí àṣìṣe kankan láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn náà ni àyà Masauso bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fa eruku símú nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó tó di ayàwòrán, eruku náà kò jáde. Kò lè rìn dé Ndeke mọ́, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ara rẹ̀ láì dúró. Ìpele keje ló kù, ó sì ní òun nìkan ni yóò ṣe é, àwòrán àti ọ̀rọ̀, kí Kasuba má yọjú sí i. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà nídìí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó to ìrọ̀rí mẹ́ta sẹ́yìn. Tí Kasuba bá wọlé, á pa kọ̀ǹpútà alágbèéká náà dé.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Orúnkún baba rẹ ló wà níbẹ̀. Lọ jókòó."

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Masauso fi fíláàṣì náà lé e lọ́wọ́. "Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Kasuba fi í sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kasuba tí kì í ti ilẹ̀kùn láì fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún wọn níná lójúmọ́ lọ́dún ọ̀dá yẹn, ọ̀sán ni wọ́n sì ń fún Ndeke. Ní gbogbo ọ̀sán ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdí bẹ́ẹ̀dì Masauso ló wà. Ní Ọjọ́bọ̀, Masauso kú.

Níbi òkú Ngoni, mbuya ni alága. Òun ló ń dáná, òun ló ń po sìmẹ́ńtì, òun náà ló gbọ́dọ̀ pa àwọn tó ń sunkún lẹ́rìn-ín kí ọkàn wọn má baà bẹ́. Kasuba kò tíì ṣe é rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé náà ní Chamboli tó rí Tionenji, ìyàwó òkú, lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, tí kò sunkún, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò mu omi láti àná, ó lọ wọ kóòtù Masauso, ó yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dojú abọ́ ìfọṣọ kan délẹ̀, ó jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ẹni jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ó ń wúkọ́.

"Tionenji! Gbé òkèlè nshima mi síbẹ̀! Imú ọkùnrin kan ni mò ń yà, ọjọ́ kẹta rèé, ihò kan péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín. Tionenji gbójú sókè, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e, ẹkún gidi tó yẹ kó ti sun. Nígbà tí Kasuba rí i pé ó ṣiṣẹ́, ó fi kún un. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn ọkùnrin tó jókòó yí iná ká níta, níbi tí Bàbá Yobe, ẹ̀gbọ́n baba Masauso, wà.

"Ẹ̀yin Ngoni, ẹ gbọ́! Ẹ má dán an wò kí ẹ fi ẹ̀rọ ọkùnrin yìí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o! Tó bá dé ọ̀hún tí kò rí i, ilé mi ló máa padà wá, mi ò sì ní ìkòkò tó gba nshima òkú Ngoni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Yobe nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Mbuya ti sọ̀rọ̀," ló wí. "Ohun tí mbuya bá sọ níbi òkú, a kì í dá a padà sí i lẹ́nu. Ìwọ náà ni kóo gbé e wọlé."

Kasuba fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. Fíláàṣì wà níbẹ̀. Ó rò ó pé ìyẹn dára, kí ọ̀rẹ́ òun mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó kan pósí pa, òun ló gbé kọ̀ǹpútà náà sábẹ́ ẹsẹ̀ òkú. Ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó yọ rọ́bà tó fi ń de wáyà tirẹ̀ nílé lápò, ó fi dè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ní itẹ́ òkú, òun ló po sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà lé ibojì lórí, nítorí àwọn olè tó ń hú pósí tà: sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn mẹ́ta, kò dín, kò lé. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Àwọn àgbà yìn ín.

Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi wà nílé òkú, nítorí mbuya kì í lọ kí wọ́n tó pa iná ọ̀fọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà ni òjò àkọ́kọ́ ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé Ndeke, iná ti dé. Ó fi fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀.

Fódà méje ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra. Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn àwòrán tí Masauso tún ṣe ló wà, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìkeje, ìwé kan ṣoṣo ló wà, ìlà mélòó kan:

Ọ̀bọ! O rò pé màá kó èyí fún ọ nínú fíláàṣì? Ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣé òfin rẹ kọ́ nìyẹn? Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí. Wá jókòó tì mí kóo wò ó. Ojú rẹ ni mo fẹ́ máa wò nígbà tóo bá dé ìsàlẹ̀.

Kasuba kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ fíláàṣì, ó fẹ́ ẹnu rẹ̀ mọ́, ó tún fi bọ ibòmíràn lára kọ̀ǹpútà. Ìwé kan ṣoṣo ni. Ó wá ohun tí wọ́n ti pa rẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí èèyàn pa rẹ́ kì í lọ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n pa rẹ́. Kò sí nǹkan kan tó tíì dé ibẹ̀ rí.

Ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, nítorí òun ló tún un ṣe lọ́dún tó kọjá. Àwo méjì tó ń dán, ibi tí ẹ̀rọ ń kọ gbogbo nǹkan sí, abẹ́rẹ́ kan tó ń rìn lórí wọn láì fara kàn wọ́n. Àwọn tó ṣe é sé àpótí rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n wọ́n dá ihò kan sí i lára, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kí ó lè máa mí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni omi náà yóò gbà. Pákó pósí yóò kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà aṣọ. Ó ka ọjọ́ lórí ìka: òjò mẹ́ta ti rọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló kù, ó lè jẹ́ méjì.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú, ó ti dé Chamboli. Tionenji wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣa kapenta. Bàbá Yobe jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ife munkoyo lọ́wọ́. Àwọn obìnrin aládùúgbò méjì ń bá Tionenji ṣa ẹja.

"Ó ti padà dé!" ni Bàbá Yobe wí. "Ebi ń pa Bemba."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ kí a hú ibojì náà."

Bàbá Yobe wò ó, munkoyo sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife kalẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o! Ó ti wọ kóòtù òkú, ó ti jẹ ẹran òkú, ó ku pósí! Ọ̀bọ ti tán nínú igbó ni?"

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ni. Iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀."

"Àbí Masauso ló pè ọ́ lórí fóònù pé bátìrì rẹ̀ ti kú?" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. Èkejì fi ọwọ́ tó ní ìpẹ́ ẹja bo ẹnu.

Kasuba kúnlẹ̀. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe.

"Wo bó ṣe kúnlẹ̀! Ó tún mọ̀ ọ́n ṣe ju ti ọjọ́ òkú lọ!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹkún náà tún dé!" ni wọ́n kígbe, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Yobe ti ọwọ́ bọ àpò, ó ju owó kwacha méjì síwájú rẹ̀ lórí ẹní, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mbuya tó bá ṣeré dáadáa. Owó náà yí, ó dúró lẹ́bàá orúnkún rẹ̀. Kasuba ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé fíláàṣì, ó ń ṣàlàyé fódà keje, bó sì ṣe ń ṣàlàyé tó ni ẹ̀rín wọn ń le sí i, nítorí ó ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sì sí ohùn mìíràn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ dákẹ́," ni Tionenji wí.

Wọn kò gbọ́.

"Mo ní ẹ dákẹ́! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Mo mọ ìgbà tí mbuya rẹ̀ ń ṣeré." Ó na ìka sí ọwọ́ Kasuba. Kasuba ti di fíláàṣì náà mú débi tí ìdérí rẹ̀ fi ṣẹ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rín wọn dá. Àwọn obìnrin méjì náà bojú wo ẹja. Nígbà tí Bàbá Yobe sọ̀rọ̀, kò pè é ní mbuya.

"Kasuba. Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde.

"Sìmẹ́ńtì ni a dà lé e. Ìwọ lo pò ó."

"Mo lè fọ́ ọ, bàbá. Mo mọ bí mo ṣe lè fọ́ ọ. Ọwọ́ mi ni màá fi tún un ṣe padà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ọ́fíìsì ìlú tí mo ní mo fẹ́ hú ọmọ àbúrò mi, wọ́n á ní nítorí kí ni. Kí n ní nítorí kọ̀ǹpútà? Wọ́n á béèrè ohun tí mo fẹ́ gé lára rẹ̀. Kí n tó délé, gbogbo Chamboli á ti gbọ́. Ilé yìí ni wọ́n á wá dáná sun, ìyá yìí á wà nínú rẹ̀." Ó mi orí. "Ìwọ lo ní ká sin ín mọ́ ọn. A sì ṣe é tayọ̀tayọ̀. Kí ló dé tóo sọ ọ́?"

Kasuba fi fíláàṣì àti ìdérí rẹ̀ tó ṣẹ́ sí àpò. Ó dìde. Kò mú owó náà.

Tionenji sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. "Ẹ kò lè ya òmíràn?" ló bi í. "Ẹlòmíràn kò lè yà á?"

"Tionenji, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kí n rí i." Ìyàwó mi ló máa ń pè é tẹ́lẹ̀, láti fi bú Masauso. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó fi hàn ọ́?"

Obìnrin náà fa aṣọ orí rẹ̀ wá síwájú. "Ó pè mí. Ọjọ́ tó parí rẹ̀. Ó ní, Tionenji, wá wo ọkùnrin tó jókòó sísàlẹ̀, wá gbọ́ ohun tó ń sọ. Mò ń fọ abọ́. Mo ní mò ń bọ̀."

Kasuba di irin ẹnu ọ̀nà náà mú.

"N kò lọ," ni Tionenji wí. "Mo fọ abọ́ tán, mo lọ pọn omi."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé Ndeke. Iná dé ní aago méjì. Kasuba kó àwọn àwòrán mẹ́fà tuntun náà sí ààyè wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ géèmù láti ìpele kìíní. Ó mọ àṣẹ ìkọ̀kọ̀ tí yóò gbé e fo lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló kọ ọ́. Kò lò ó. Ó yìnbọn, ó gba agbára, ó yan iná orí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó yan. Ó dá gbogbo àwọn tó bá pàdé lóhùn, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ẹnu Masauso nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn: obìnrin tó ń bú òkúta, ọkùnrin tó ní òun jẹ bàtà òun, ó dùn, àfi okùn rẹ̀ ló le díẹ̀.

Ní òpin ìpele kẹfà, bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò irin tó ń sọ̀kalẹ̀. Àwòrán tuntun ni. Masauso ti fún un ní etí méjì tó tóbi, etí Kasuba.

"Mbuya," ni arúgbó náà wí nínú àpótí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "tí àgò yìí bá sọ̀kalẹ̀, kì í gòkè mọ́. Ṣé o ti múra tán?"

Èsì méjì ló wà: *Mo ti múra tán*, àti *Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀*. Kasuba wo méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ àkọ́kọ́.

Àgò náà sọ̀kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìró mọ́tò rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀ lára mọ́tò gidi, ó sì bá ti gidi mu. Ó dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Awakùsà náà jáde.

Géèmù mìíràn ì bá ti dákú níbẹ̀ yẹn, nítorí kò sí àwòrán, kò sí ògiri, kò sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ra ló kọ àwọn àṣẹ rẹ̀: tí o kò bá rí nǹkan, má kú, máa lọ. Awakùsà náà dúró sínú dúdú. Iná orí rẹ̀ dé ibi tí iná lè dé, ó jìnnà gan-an, kò sì kan nǹkan kan. Kasuba mú un rìn sọ́tùn-ún. Ó mú un rìn sósì. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, àgò náà kò sí níbẹ̀ mọ́, torí àwòrán tirẹ̀ náà wà lára ìpele keje.

Ó yìnbọn. Ọta jáde, ó lọ. Ṣé ó ti kan nǹkan? Rárá. Sún un síwájú. Ṣé ó ti kan nǹkan? Rárá. Ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta náà kúrò níbi tí ojú lè rí i, ṣùgbọ́n Kasuba mọ̀ pé ó ṣì ń lọ. Kò kọ àṣẹ tí yóò dá a dúró. Ó ti rò pé ògiri á máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí di aago márùn-ún. Iná lọ, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń wò tẹ́lẹ̀. Òjò ń lu páànù. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń dà láti orí òrùlé sínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń mu ún.

Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ká a, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó wá rọ́bà tí yóò fi dè é nínú dúrọ́ọ̀, ó wá a lórí tábìlì, ó wá a lábẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tó wà, ó sì dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.